Ẹ̀ṣẹ̀ Ẹni àti Ẹ̀ṣẹ̀ Àjogúnbá nínú Ìjọ Kátólíìkì

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ènìyàn lè ronú pìwà dà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá?

Nínú ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì, ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí, èyí tí a jogún láti ọ̀dọ̀ Ádámù, kì í ṣe ohun tí à ń jẹ́wọ́ fún àlùfáà. Ìgbìmọ̀ Tìrẹ́ǹtì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1546 pé ìrìbọmi ni ó ń wẹ̀ ẹ́ nù. Ẹ̀ṣẹ̀ àfọwọ́fà ni ti ìjẹ́wọ́. Láti 1215 ni Ìgbìmọ̀ Látéránì Kẹrin ti pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ tí ó ti gbọ́n tó mọ rere yàtọ̀ sí búburú máa jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ohun mẹ́ta ni à ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ìkáàánú àtọkànwá, ìjẹ́wọ́ pẹ̀lú ẹnu, àti iṣẹ́ àtúnṣe.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńkọ́? Ní oṣù Èrèlé 1992, Póòpù John Paul Kejì dúró ní erékùṣù Gorée, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó bẹ Ọlọ́run fún ìdáríjì nítorí òwò ẹrú. Òun kò ta ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí a kò tilẹ̀ jogún ẹ̀bi, a lè jogún gbèsè. Ẹni tí ó ń gbé inú ilé tí baba rẹ̀ fi owó olówó kọ́ kì í ṣe olè, síbẹ̀ kò lè ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Kí á má sì na ìka sí Róòmù nìkan. Àwọn kan nínú àwọn baba tiwa náà mú ènìyàn lójú ogun, wọ́n sì tà wọ́n. Bí ẹnu bá ti jẹ́wọ́, ó ku ọwọ́.