Iná, Òòfà àti Àwòrán Ọpọlọ: Ohun tí Ó Yẹ kí Ẹbí Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Gba Ọ̀nà Uselu

Ní Warri, bí ọpọlọ ènìyàn bá dàrú, tí àdúrà àti àgbo kò sì ràn án, ọ̀nà Ìlú Benin ni ẹbí rẹ̀ sábà máa ń forí lé, nítorí pé Uselu, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ wà, jẹ́ orúkọ tí Itsekiri, Urhobo, Ìjọ̀ àti Yorùbá tí ó ń gbé Warri mọ̀ bí ẹni mowó. Orúkọ yìí kan náà ni àwọn ènìyàn fi ń bú ara wọn ní ọjà àti ní gáréèjì, èyí sì wà lára ohun tí ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí fi aláìsàn pamọ́ sílé títí ọ̀rọ̀ yóò fi bẹ́yìn yọ. Nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀ nígbẹ̀yìn, ohun méjì ni ó sábà máa ń wà lọ́kàn wọn: wọ́n fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán orí aláìsàn kí ojú lè rí ohun tí ó ń dà á láàmú, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná gbé e. Ohun tí wọ́n ń retí láti inú àwòrán pọ̀ ju ohun tí àwòrán lè fún wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni iná tí wọ́n ń sá fún jẹ́ ìtọ́jú tí ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là níbi tí wọ́n bá ti ń lò ó bí ó ti yẹ.

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń lo iná. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri nínú rẹ̀, iná tí kò tó nǹkan ni wọ́n sì fi ń ṣe iṣẹ́ náà, èyí tí ó ń wá láti inú èròjà bí iyọ̀ tí ó ń wọlé tí ó sì ń jáde lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Iná tí ó ti ara ẹ̀dá jáde kò ṣàjèjì sí ará etí odò, nítorí pé ẹja òjijí ń bẹ nínú omi ìhà ibẹ̀, apẹja tí ó bá sì dì í mú láìfura yóò gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ní 1855, Andrew Murray, onímọ̀ nípa ẹ̀dá tí ó jẹ́ ará Scotland, kọ̀wé nípa irú ẹja yìí tí wọ́n mú láti Calabar, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi ẹja náà sínú omi kí ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá lè fi ṣeré, kí ara rẹ̀ lè yá. Scribonius Largus, oníṣègùn ní Róòmù àtijọ́, ti fi irú ẹja oníná mìíràn wo orí fífọ́ ní nǹkan bí 1,900 ọdún ó lé sẹ́yìn. Fífi iná wo orí kì í ṣe ohun tí àwọn ilé ìwòsàn òde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé.

Ọdún 1924 ni Hans Berger, dókítà àìsàn ọpọlọ ní ìlú Jena ní Jámánì, kọ́kọ́ gba iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ láti òde agbárí, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1929. Ẹ̀rọ tí ó ti ibẹ̀ wá ni EEG, èyí tí kì í fi iná kankan kan ènìyàn, tí ó jẹ́ pé ó kàn ń gba èyí tí ọpọlọ ń tú jáde sílẹ̀ ni. Ó wúlò púpọ̀ fún wárápá, nítorí pé irú wárápá kan wà tí kì í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, tí ó jẹ́ pé ìwà àjèjì, ìbẹ̀rù òjijì tàbí ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ ni ó fi ń hàn, oògùn wárápá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì nílò. Àwọn wáyà EEG ní láti fara kan awọ orí gan-an, níbí ni irun ènìyàn dúdú ti ń di ọ̀rọ̀: irun tí ó nípọn tàbí tí wọ́n ti di pọ̀ máa ń ti wáyà sókè, àbájáde á dàrú, wọ́n á sì ní kí obìnrin lọ tú irun kí ó tó padà wá. Ní ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ irun yìí ti mú kí wọ́n máa yọ àwọn ènìyàn dúdú kúrò nínú ìwádìí. Arnelle Etienne, ọ̀dọ́bìnrin ènìyàn dúdú kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n Pulkit Grover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wá ojútùú sí i ní nǹkan bí ọdún 2020: wọ́n dirun náà ní ìlà tí ó tọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí awọ orí lè hàn ní ojú ibi tí wáyà yóò jókòó, wọ́n sì ṣe ohun ìdè tí ó ń rọ̀ mọ́ ìdì irun kí ó lè tẹ wáyà mọ́lẹ̀. Onídìrí tí ó bá mọ kòlẹ́sẹ̀ dì ní ọjà Igbudu lè ṣe irú rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ EEG lórílẹ̀-èdè yìí máa sọ irú ìdìrí tí ó dára fún obìnrin kí ó tó wá, dípò kí wọ́n dá a padà.

Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán yàtọ̀ sí èyí. CT, tí Godfrey Hounsfield ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1971, ń ta ẹ́síréè sí orí láti ìhà gbogbo kí kọ̀ǹpútà lè kó o jọ di àwòrán. MRI kì í lo ẹ́síréè rárá: òòfà ńlá ni ó ń lò láti mú kí omi inú ara fi ibi tí ó wà hàn, òòfà náà sì sábà máa ń wà nínú gáàsì helium tí ó ti di omi, tí ó tutù dé ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní agbègbè tí iná ilé iṣẹ́ BEDC ń lọ tí ó ń bọ̀, owó dísù tí yóò jẹ́ kí irú òtútù bẹ́ẹ̀ máa wà lọ́sàn-án lóru kò lè má wà nínú iye tí aláìsàn yóò san.

Ibi tí àwòrán ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá ni ibi tí ohun tí ó jọ wèrè kì í ṣe wèrè. Àgbàlagbà tí ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí ó fi orí gbálẹ̀ díẹ̀, lè má ní ohunkóhun ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ó já láàárín ọpọlọ àti agbárí lè máa sun ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí ẹ̀jẹ̀ náà yóò fi ti ọpọlọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà náà ni bàbá yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ, tí yóò máa tòògbé lọ́sàn-án gangan, tí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa pòórá lọ́kàn rẹ̀, tí ẹbí yóò sì máa wá ẹni tí ó ṣe é láàárín àwọn ìyàwó àti àbúrò. Ẹ̀rọ CT yóò fi ẹ̀jẹ̀ náà hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, oníṣẹ́ abẹ yóò sì lu ihò kékeré sí agbárí kí ó lè ṣàn jáde, ọ̀pọ̀ irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ ni orí wọn sì máa ń pé padà. Iṣẹ́ abẹ orí àti ọpọlọ ti fìdí múlẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, láti 1962, nígbà tí Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, padà dé láti òkèèrè. Nítorí náà, ẹni tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì lẹ́yìn 50 ọdún, tàbí tí orí fífọ́, gìrì tàbí àìlera apá kan ara bá àìsàn ọpọlọ rẹ̀ rìn, ó yẹ kí ẹbí rẹ̀ wá owó àwòrán.

Fún àwọn yòókù, òtítọ́ tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ni pé kò tíì sí àwòrán kan láyé tí ó lè sọ pé ẹni yìí ní schizophrenia, ìyẹn irú àìsàn tí aláìsàn fi ń gbọ́ ohùn tí kò sí, tí ó sì ń gba ohun tí kò ṣẹlẹ̀ gbọ́. Ní 1976, Eve Johnstone, Tim Crow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù fi CT ya orí àwọn aláìsàn 17 tí wọ́n ti pẹ́ nínú àìsàn náà, wọ́n sì rí i pé àyè tí omi wà láàárín ọpọlọ wọn fẹ̀ ju ti àwọn tí ara wọn le lọ. Iṣẹ́ yìí gbé ọ̀rọ̀ kúrò lórí ẹ̀bi ìyá àti bàbá, ó fi hàn pé àìsàn ara ni; síbẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni àyè wọn kò fẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ pé ni tirẹ̀ sì fẹ̀. Irú MRI tí ó ń tọpa ẹ̀jẹ̀ bí ó ti ń lọ sí apá ọpọlọ tí ó ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní fMRI, ní ìṣòro tirẹ̀: ìwádìí kan tí ó jáde ní 2020 fún ẹgbẹ́ onímọ̀ 70 ní àwòrán kan náà, ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ kò sì bára mu.

Ó tún yẹ kí ìwádìí wáyé lára àwọn ènìyàn wa. Benjamin Osuntokun, ọmọ Òkèmèsì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà fi iṣẹ́ wọn lórí àìsàn ìgbàgbé àwọn arúgbó fi ìdí èyí múlẹ̀, nígbà tí wọ́n fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àbájáde tí ó jáde ní 2001 fi hàn pé àìsàn Alzheimer ń mú ìpín 1.15 nínú 100 àwọn àgbà lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, nígbà tí ti Indianapolis jẹ́ 2.52. Ohun tí wọ́n bá rí nínú orí ará Lọ́ńdọ̀nù kò di dandan kí ó jẹ́ ohun tí yóò wà nínú orí ará Warri.

Ní ti iná, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní ṣọ́ọ̀kì, tí àwọn dókítà ń pè ní ECT, Ugo Cerletti àti Lucio Bini ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Róòmù ní oṣù kẹrin ọdún 1938. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyí: aláìsàn kò ní jẹun láti òru, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ kun ún lóorun, wọn yóò fún un ní oògùn kejì tí ó ń mú kí iṣan ara dẹ̀, wọn yóò fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú, wọn yóò sì ki rọ́bà sí àárín eyín rẹ̀. Iná yóò gba ẹ̀bátí rẹ̀ kọjá fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, gìrì yóò mú ọpọlọ fún bíi 20 sí 60 ìṣẹ́jú-àáyá, ṣùgbọ́n ara kò ní fò. Ó lè jẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa mì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò jí, orí lè máa fọ́ ọ, kí ó sì má mọ ibi tí ó wà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ní ìgbà 6 sí 12 lápapọ̀. Ó máa ń pa ìrántí àwọn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àsìkò ìtọ́jú rẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè má padà, kò sì yẹ kí dókítà fi èyí pamọ́. Àgbéyẹ̀wò ńlá tí ìwé ìròyìn Lancet tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ ju kí wọ́n kun aláìsàn lóorun láìfi iná sí i lọ. Ikú tí ó ń ti ibẹ̀ wá kò ju nǹkan bíi 2 nínú ìgbà 100,000 tí wọ́n bá ṣe é lọ. Fún ìyá ọlọ́mọ tuntun tí abisínwín mú, fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti mú kí ó kọ oúnjẹ tàbí kí ó máa wá ọ̀nà láti pa ara rẹ̀, àti fún ẹni tí ó ti gan bí igi tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, kò wọ́pọ̀ kí oògùn yá tó o.

Ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ẹ̀bi wà. Àwọn dókítà Nàìjíríà fúnra wọn ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí pé wọ́n ti lo iná yìí fún aláìsàn ní àwọn ilé ìwòsàn kan láìkun ún lóorun, nítorí pé dókítà akunilóorun kò tó àti pé owó oògùn náà wọ́n. Ẹni tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ nígbà tí iná gbá a, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè fọ́ nínú gìrì náà, kò ní fi ẹnu rere ròyìn rẹ̀ fún àdúgbò. Ní 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò yẹ kí wọ́n máa ṣe ECT láìsí oorun oògùn àti láìgba àṣẹ aláìsàn. Ìtìjú gidi ni pé a ṣì ń jiyàn lórí èyí, ìdájọ́ tí ó sì tọ́ ni pé kí ìjọba kọ́kọ́ wá dókítà akunilóorun sí gbogbo ilé ìwòsàn ọpọlọ kí ó tó na kọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ tuntun.

Àwọn ẹ̀rọ tuntun náà wà lóòótọ́. TMS, tí Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Sheffield ní 1985, ń fi òòfà tí wọ́n gbé lé orí ta ọpọlọ jí láti òde, aláìsàn yóò sì jókòó pẹ̀lú ojú lílà, yóò máa gbọ́ kó-kó-kó. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní 2008. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Stanford ní Amẹ́ríkà, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ fMRI kí wọ́n lè mọ ojú ibi tí òòfà yóò dojú kọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣe é ní ìgbà 10 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. Ìwádìí kékeré tí wọ́n ṣe lé e lórí mú ìrètí wá. Helen Mayberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ti fi wáyà sínú ọpọlọ gan-an fún àwọn ènìyàn 6 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, wọ́n sì ròyìn ní 2005 pé ara mẹ́rin nínú wọn yá, ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan lórí irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, tí ó jáde ní 2017, kò rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí wọ́n tan wáyà fún àti ẹni tí wọn kò tan án fún. Ohun tí ó yẹ kí ojú wà lára rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ni MRI kékeré tí agbára òòfà rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 20 ti MRI ńlá, tí kò nílò helium, tí wọ́n lè tì dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, kí wọ́n sì tì í bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán.

Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí ń sọ Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006: nínú àwọn 4,984 tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ìpín 12.1 nínú 100 ni àìsàn ọpọlọ ti bá jà rí láyé wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìpín 8 péré nínú 100 àwọn tí ó le fún gan-an ni ó rí ìtọ́jú kankan gbà láàárín ọdún kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin wèrè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀, òfin náà sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ irú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un, kí ó sì dá sí i. Kí ẹbí tí ó bá gbé ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Warri lọ sí Uselu tàbí ibikíbi lo ẹ̀tọ́ yìí. Bí dókítà bá ní kí wọ́n ya àwòrán, kí wọ́n bi í ní ohun tí ó ń wá. Bí ó bá sì dárúkọ iná, kí wọ́n má ṣe sá, ṣùgbọ́n kí wọ́n béèrè dókítà tí yóò kun aláìsàn lóorun, kí wọ́n sì rí i pé ó dé ibẹ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé.