Ṣé o mọ ọmọ Èkó tó bá ààrẹ méjì ṣeré?

Ṣé Computer Village lo wà báyìí? Dúró díẹ̀ ní Ọ̀tígbà níbẹ̀. Kí ẹni tó ń pààrọ̀ gíláàsì fóònù rẹ tó parí, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan.

Ṣé o mọ Orlando Martins?

O ò mọ̀ ọ́n! Ọmọ Èkó ni. Ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, 1899 ni wọ́n bí i. Ọjọ́ 24 péré ló kù kí 1900 wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1920, ó gun orí ìtàgé pẹ̀lú ẹgbẹ́ oníjó ballet ti Diaghilev, ará Rọ́ṣíà? Ọmọ Èkó, láàárín àwọn tó ń fi ṣóńṣó ẹsẹ̀ jó! Ẹ̀yìn ló wà o, nínú èrò. Àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Ó tún ja ìjàkadì. Orúkọ rẹ̀ lójú agbo? Black Butcher Johnson. Alápatà!

Ó fi ejò ṣeré ní sákọ́ọ̀sì. Ejò gidi.

Ó ṣe alábàárù lọ́jà ẹja Billingsgate ní Lọ́ńdọ̀nù, bíi ti àwọn tó ń ké "àgò, ẹ̀yìn o!" lẹ́yìn rẹ yẹn.

Ṣé o mọ wákà-páàsì, àwọn tó kàn ń kọjá lẹ́yìn nínú fíìmù? Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn nínú sinimá ìgbà tí fíìmù ò tíì lóhùn. 1926 ló bẹ̀rẹ̀.

Ní 1935, ó ṣe *Sanders of the River* pẹ̀lú Paul Robeson. Fíìmù tó ń pọ́n àwọn amúnisìn lé ni, kò dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n wo ẹni tó wà lára àwọn wákà-páàsì ibẹ̀: Jomo Kenyatta! Ààrẹ Kẹ́ńyà ti 1964!

Ó di 1946. Martins kúrò lẹ́yìn. Òun ni Magole, oníṣègùn burúkú inú *Men of Two Worlds*.

Fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ní 1949, nínú *The Hasty Heart*, ọmọ ogun aláìsàn kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe. Ọ̀rọ̀ wo ló ń tẹnu rẹ̀ jáde? "Blossom". Ọ̀kan ṣoṣo! Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí ti lo bí ọgbọ̀n ọdún nílùú òyìnbó.

Ta ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù kan náà nínú fíìmù ọ̀hún? Ronald Reagan! Ní 1981, Reagan di ààrẹ Amẹ́ríkà. Martins ti pé ẹni ọdún 81 nígbà yẹn.

Ààrẹ méjì nìyẹn. Ó kù.

Ní 1970, ó wà nínú *Kongi's Harvest*. Ta ló ṣe Kongi? Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀.

Martins kú ní Èkó, ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, 1985. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ṣóyínká gba Nobel.

Ó jọ pé gíláàsì ti wọlé. Dán an wò: tẹ Orlando Martins sí i kí o tó sanwó.