Àdúrà, Omi àti Oògùn: Ogún tí Àjàkálẹ̀ Àrùn 1918 Fi Sílẹ̀ fún Ìjọ Ilẹ̀ Yorùbá

Bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà láti Ayétòrò lọ sí Ìlaròó, ní ilẹ̀ Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò ní rìn jìnnà kí ó tó kan ilé ìsìn Aládùúrà, yálà ti Kérúbù àti Séráfù, ti Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, tàbí ti Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, èyí tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní 1947 ní Àjàṣẹ́, ní òdì kejì ibodè, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Aládùúrà ni orúkọ tí Yorùbá fún àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n fi àdúrà ṣáájú ohun gbogbo, pàápàá nígbà àìsàn. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń jọ́sìn níbẹ̀ lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé àjàkálẹ̀ àrùn, ìyẹn àrùn tí ń ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn títí yóò fi kárí ilẹ̀ púpọ̀, ni ó bí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ àdúrà tí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà yẹ ní mímọ̀, nítorí ìbéèrè tí ó gbé dìde nípa àdúrà àti oògùn tún padà wá sí ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2020.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní influenza, irú òtútù líle tí ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà, gba ojú omi wọ Èkó. Láti Èkó, ó bá ọkọ̀ ojú irin gòkè lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ó sì bá àwọn oníṣòwò dé àwọn ìlú tí ojú irin kò dé. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò tíì mí kanlẹ̀ nígbà náà, nítorí ní àárín ọdún yẹn kan náà ni Ogun Adúbí jà, èyí tí àwọn ará ìlú fi kọ owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe ìjọba amúnisìn. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé àrùn náà pa nǹkan bí 500,000 ènìyàn ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe: àwọn dókítà òyìnbó pàápàá kò ní oògùn rẹ̀, nítorí pé 1933 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó rí kòkòrò àìfojúrí tí ń fà á lára ènìyàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ti lọ káàkiri ayé.

Nínú ìdààmú yìí ni àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní ilé ìsìn St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ fún àdúrà, lẹ́yìn tí àlá kan ti jí wọn sí i pé ìjọ ti tutù nínú ẹ̀mí. Joseph Shadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, ni ó ṣe olórí wọn. Láìpẹ́, olùkọ́ ilé ìwé kan tí ó jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, Sophia Odunlami, tí àrùn náà ti dá dùbúlẹ̀, dìde láti kéde pé òun ti gba iṣẹ́ láti ọ̀run, pé kí àwọn ènìyàn gbàdúrà, kí wọ́n sì lo omi òjò, wọn yóò sì rí ìwòsàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni a mọ ẹgbẹ́ náà sí. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣàkíyèsí ni irú ẹni tí wọ́n jẹ́: wọn kì í ṣe àlùfáà, wọn kì í sì í ṣe òyìnbó, bí kò ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ àti olùkọ́ tí wọ́n lè ka Bíbélì Yorùbá fúnra wọn, èyí tí iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, tí Samuel Ajayi Crowther ṣe agbátẹrù rẹ̀, parí ní 1884. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti rí Sáàmù 91, tí ó sọ̀rọ̀ ààbò nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, àti Jákọ́bù 5, tí ó ní kí aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ láti gbàdúrà lé òun lórí.

Kì í ṣe ohun ìyanu pé omi ni ọ̀dọ́bìnrin náà kéde. Yorùbá ti mọ àjàkálẹ̀ àrùn tipẹ́ kí 1918 tó dé, wọ́n sì ti so irú àrùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ooru. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ṣànpọ̀nná ní ìgbóná tàbí ilẹ̀gbígbóná, tí ohun tútù sì jẹ́ àmì ẹ̀rọ̀ àti àlàáfíà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ibà ń jó àwọn ènìyàn lára, tí ọ̀fun wọn sì ń gbẹ, omi tí ó ti òkè ọ̀run rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní láti fi owó rà, jẹ́ ìwàásù tí gbogbo etí gbọ́ yé. Ó tún ní iṣẹ́ kan tí ojú lè rí, nítorí ẹni tí ó bá gbé omi lọ fún aláìsàn gbọ́dọ̀ súnmọ́ ibùsùn rẹ̀, kí ó gbé orí rẹ̀ sókè, kí ó sì jókòó tì í. Nínú àrùn tí kò ní oògùn, omi mímu àti ẹni tí yóò dúró tini kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ní ìhà kejì tí ó le. Ẹgbẹ́ náà kọ oògùn ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó sílẹ̀ pátápátá, wọ́n sì fi ara mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí òun náà ń wàásù ìwòsàn àtọ̀runwá, ìyẹn ìwòsàn láti ọwọ́ Ọlọ́run nìkan. Ní 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, nítorí àríyànjiyàn lórí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Lẹ́yìn ìsọjí ńlá tí oníwàásù kan, Joseph Ayo Babalola, ṣe ní Ìléṣà ní 1930, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá wọn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a rí i pé àwọn míṣọ́nnárì náà ń lo kíníìnì, oògùn ibà, àwọn kan sọ pé ìgbàgbọ́ wọn kò pé. Ọ̀rọ̀ kíníìnì yìí wà lára ohun tí ó fa ìyapa tí Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi fi dá dúró, tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Ní 1918, kò sí oògùn tí àwọn tí ó gbàdúrà ìbá lò. Ní ti kíníìnì, oògùn wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìpinnu tí ó bá àkókò kan mu ni wọ́n sọ di òfin fún gbogbo àkókò.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, ìbéèrè náà padà wálé. Ẹni àkọ́kọ́ tí a rí àrùn kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ ará Ítálì kan tí ó gba Èkó kọjá lọ sí Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ibi tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yewa. Ní oṣù kẹrin, ìjọba sé ìpínlẹ̀ náà mọ́lé. Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù náà, ilé ìsìn sì wà ní títì, bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ṣáláṣí. Ó dun ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, àdúrà Aládùúrà sì jẹ́ ti àwùjọ: a ń pàtẹ́wọ́, a ń kọrin, a ń gbé ọwọ́ lé orí aláìsàn. Àwọn kan rò pé ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run ti sá fún àrùn. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn olórí ìjọ gbé ìsìn lọ sórí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sọ pálọ̀ di ilé àdúrà. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí ń kọ́ ara bí yóò ṣe bá àrùn jà kí àrùn tó dé, àríyànjiyàn àtijọ́ tún dìde ní ọ̀pọ̀ ìjọ, bí ìgbà tí kíníìnì dé.

Bí ènìyàn bá gbé ọdún méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò rí i pé ìfẹ́ kan náà ni ó sọ̀rọ̀ ní ohùn méjì. Ní 1918, ìfẹ́ ẹnìkejì mú kí àwọn onígbàgbọ́ súnmọ́ ibùsùn aláìsàn tí ẹbí rẹ̀ ti sá fún. Ní 2020, ìfẹ́ yẹn kan náà ní kí ọmọ má lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó sì fi ìbòmú bo imú. Àdúrà tí ó mú ènìyàn tọ́jú ẹlòmíràn ni ó so èso rere nínú ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ìgbà tí a bá sọ àdúrà di ìdíje pẹ̀lú oògùn ni ìyapa máa ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibì kankan tí Jákọ́bù ti pàṣẹ pé kí aláìsàn má lo oògùn.

Orúkọ Ayétòrò fúnra rẹ̀ dún bí àdúrà, pé kí ayé tòrò, bí omi ṣe ń tòrò nínú ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yewa ni ó mọ bí a ti ń ṣe omi tí ó rú: a ó ju álọ́ọ̀mù sí i, a ó gbé e sí ojú kan, a ó sì fi sùúrù dúró títí ìdọ̀tí rẹ̀ yóò fi rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tí ó ń dúró kò kẹ́gàn álọ́ọ̀mù, ẹni tí ó sì ju álọ́ọ̀mù sí i kò lè fi ipá mú omi tòrò.