Alùpùpù oníbátìrì ń bọ̀ wá bá ọ̀kadà lójú títì: ta ni yóò ro ti ẹlẹ́sẹ̀?

Ẹni tó bá dúró ní àárọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì tó ti Àkúrẹ́ gba Ìta-Ògbólú kọjá lọ sí Ìjú, Ìkẹ́rẹ́ àti Adó-Èkìtì, kò ní í pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ọ̀nà náà kò gba gbogbo àwọn tó ń lò ó. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀, takisí ń sáré, ọ̀kadà di ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́ta mẹ́rin sẹ́yìn, èrò tún gun orí rẹ̀. Àwọn ọmọléèwé wà ní ẹ̀bá títì, ìyá àgbà tó ru igi ìdáná náà wà níbẹ̀. Bí mọ́tò bá fọn fèrè mọ́ ọlọ́kadà lẹ́yìn, ẹ̀bá títì yìí kan náà ni òun náà yóò yà sí. Ẹlẹ́sẹ̀ ni yóò wá ibòmíràn gbà, ibòmíràn náà kò sì sí ju inú gọ́tà lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀kadà tí a ti ń bá jà láti ọjọ́ pípẹ́ nìkan ni a fẹ́ sọ lónìí. Àbúrò rẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà, ìyẹn alùpùpù tí kì í mu epo, tó jẹ́ pé bátìrì ló ń gbé e rìn. Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan epo bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bíi igba náírà fò kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ọlọ́kadà tó ń ná ìdajì owó ọjọ́ kan lórí epo kò ní í wo alùpùpù tí kò mu epo kó gbé ojú kúrò. Ní Kútọnu àti ní Lomé tó jẹ́ itòsí wa, láti ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Spiro báyìí ti ń kó irú rẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀. Bí bátìrì bá ti rẹ̀, wọn kò dúró kí iná wọ inú rẹ̀. Wọn yóò yà sí ibùdó, wọn yóò yọ èyí tó ti tán, wọn yóò ki èyí tó kún bọ̀ ọ́, ó tán.

Ohun tó dára ni. Èéfín kò sí níbẹ̀, ariwo kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ariwo kò ti sí yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, etí ló fi ń ṣọ́ tirẹ̀. Kí ìyá àgbà tó gbé ẹsẹ̀ lé títì, yóò kọ́kọ́ dákẹ́, yóò gbọ́ bóyá nǹkan ń bọ̀. Ọ̀kadà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń pariwo, a máa gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Oníbátìrì yóò ti dé ẹ̀yìn ẹni kí a tó mọ̀. Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bà lẹ́rù. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe òfin pé láti oṣù keje ọdún 2019, irú ọkọ̀ oníná tuntun tó bá jáde gbọ́dọ̀ máa dún fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń rọra lọ, kí afọ́jú àti arúgbó lè gbọ́ ọ. Mọ́tò ni òfin náà mú o, kò mú alùpùpù. Ní ojú tèmi, alùpùpù gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló ń rìn mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ lára jù.

Ẹ jẹ́ ká wo Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní skútà, onítáyà méjì, tí wọ́n máa ń dúró gùn bí ẹni dúró lórí pátákó. Bátìrì ló ń gbé e rìn. Ẹnikẹ́ni lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n bó bá gbé e jáde sí títì ìjọba, ó ti rú òfin. Òfin ìrìnnà wọn ti ọdún 1988 ka kẹ̀kẹ́ yìí sí ọkọ̀ bíi ọkọ̀ yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò, kò sì sí bí ẹni tó ra tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe lè rí ìwé náà gbà. Bí ọlọ́pàá bá mú un láìní i, ó lè san ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn, wọ́n sì lè gba kẹ̀kẹ́ náà lọ. Ti gígùn ún ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tilẹ̀ burú jù, nítorí òfin tó kà á léèwọ̀ ti wà láti ọdún 1835, nígbà tí ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n ń lé kúrò níbẹ̀. Òfin tó ti lé ní ọgọ́sàn-án ọdún ṣì ń ṣiṣẹ́! Àwa ńkọ́, tí òfin ọdún mélòó kan sẹ́yìn ti di ìtàn lọ́wọ́ wa?

Àwọn tí ìjọba gbà láyè ni àwọn tó bá yá kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n fún ní àṣẹ. Oṣù keje ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò yẹn, Lọ́ńdọ̀nù sì wọ inú rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ẹni tó bá yá a gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sáré ju máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ rí i rárá. Ní ìlú Paris, wọ́n pe ará ìlú jáde ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 2023 láti dìbò lórí èyí tí wọ́n ń yá. Ìwọ̀nba ènìyàn ló jáde, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò, nǹkan bíi mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ló ní kó máa lọ. Kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé, ó ti lọ. Singapore ní tirẹ̀ lé e kúrò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ló kan Ìta-Ògbólú nínú ọ̀rọ̀ Paris. Ó kàn wá, nítorí àwọn yẹn ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí. Àwa kò tíì ní i.

Òfin tiwa náà wà nílẹ̀. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 2012 sọ pé ẹni kan péré ni alùpùpù lè gbé sẹ́yìn, kí ẹni tó ń gùn ún àti ẹni tó gbé sì dé akoto. Ẹ̀yin náà mọ iye tí à ń rí lórí ọ̀kadà kan ní ọjọ́ ọjà. Ọ̀rọ̀ akoto yìí, ẹ ó rántí January ọdún 2009 tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní dandan ni káàkiri Nàìjíríà. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá sórí, àwọn kan dé ike ọ̀dà, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Àwọn èrò ní tiwọn kò fẹ́ dé akoto tí ẹlòmíràn ti dé, wọ́n ní bóyá oògùn wà nínú rẹ̀ tí yóò gbé àwọn lọ. A fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín ni pé òfin náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kó tó dé. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní àwọn títì ńlá, wọ́n tún lé e ní February 2020, wọ́n tún lé e ní June 2022. Ohun tí a bá lé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dájú pé ó ń padà wá.

Èmi kò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n lé e. Ta ni yóò gbé kòkó jáde láti oko? Ta ni yóò gbé aboyún dé ilé ìwòsàn ní òru? Ohun tí mo ń béèrè ni nọ́ńbà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kadà kan tí kò tan iná gbá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́, ní ẹ̀bá títì. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Ẹni tó gbá a sá lọ, àwọn tó wà níbẹ̀ sì wá nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ tì, nítorí kò sí níbẹ̀. Oníṣègùn eegun ló tọ́jú wọn, wọn kò sì lọ sóko mọ́ láti ọjọ́ náà. Oníbátìrì tí yóò dé yìí, bí kò bá ní nọ́ńbà, tí kò tún ní ariwo, ta la fẹ́ mú?

Nǹkan méjì kan wà tí onílé lè ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń ka ojú ewé yìí yóò rántí ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, tí Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, apá òsì ló yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà, kí ó lè kọjú sí ohun tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń kọ ẹ̀yìn sí i. Bí etí kò bá ní í ràn wá lọ́wọ́ mọ́, a kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn. Èkejì ni ti bátìrì. Ọ̀nà tí iná mọ̀nàmọ́ná ń gbà wá lóru yóò mú kí ènìyàn fẹ́ kì í bọ iná kó sì sùn. Ẹ má ṣe é. Bátìrì tó bá bàjẹ́ lè gbiná lójijì. Nítorí èyí ni àjọ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù ṣe lé skútà àdáni kúrò nínú bọ́ọ̀sì àti rélùwéè wọn ní December 2021. Ẹ má gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá, nítorí ibẹ̀ lẹ ó gbà sá jáde.

Èyí tó kù jẹ́ ti ìjọba àti ti àwọn tó ń ṣojú wa. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé katakata wá sí títì yìí, kí ẹni tó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ béèrè bí ẹ̀bá rẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó, àti ohun tí wọn yóò fi dí i kí alùpùpù má baà lè gùn ún. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣì ń gba ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Ọmọ-ọmọ wọn ló ń di ọwọ́ wọn mú, ọ̀dọ̀ títì ni ọmọ náà sì máa ń dúró sí.