Èèwọ̀ Wà Lórí Òkúta Uluru

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òwe yìí bá ìtàn òkúta Uluru mu rẹ́gí. Òkúta pupa ńlá kan ni Uluru, ó dá dúró gedegbe ní àárín gbùngbùn aṣálẹ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà. Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ tí ó yí i ká jẹ́ mítà 348, ẹni tí yóò bá sì rìn yí ìdí rẹ̀ po yóò rìn ju kìlómítà 9 lọ. Àwọn ẹ̀yà Anangu ni wọ́n ni ín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba ńlá wọn ti ń gbé ní àgbègbè náà.

Tjukurpa ni àwọn Anangu ń pe òfin, ìtàn ìṣẹ̀dá àti ìgbàgbọ́ tí àwọn baba ńlá wọn fi lélẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Tjukurpa ti wí, àwọn ọkùnrin Mala ni ó kọ́kọ́ gun Uluru. Mala ni orúkọ ẹranko kékeré kan tí ó jẹ́ ìbátan kangaróò. Òun náà ni orúkọ àwọn baba ńlá ìgbà ìwáṣẹ̀ wọ̀nyí. Láti ìhà àríwá ni wọ́n ti wá ṣe ọdún ní ìdí òkúta náà. Bí wọ́n ti dé, àwọn ọkùnrin gòkè lọ ri òpó ọdún mọ́lẹ̀ sí orí rẹ̀, ọdún sì bẹ̀rẹ̀.

Orí ọdún yìí ni wọ́n wà tí àwọn ará ìwọ̀ oòrùn fi ránṣẹ́ pè wọ́n wá síbi ọdún tiwọn. Àwọn Mala kọ̀, nítorí pé a kì í já ọdún tí a ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Inú bí àwọn tí ó ránṣẹ́. Wọ́n fi agbára awo dá ajá abàmì kan tí ń jẹ́ Kurpany. Kurpany pa nínú àwọn Mala, àwọn ìyókù sì sá gba ìhà gúúsù lọ. Ìwọ̀nba tí etí ọ̀gbẹ̀rì lè gbọ́ nìyẹn. Awo àwọn àgbà ni ìyókù.

Ọ̀nà tí àwọn Mala gbà gòkè yìí gan-an ni àwọn àlejò wá sọ di ọ̀nà ìgbafẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1873, awọnlẹ̀ kan tí ń jẹ́ William Gosse, ẹni tí ìjọba South Australia rán pé kí ó wá ọ̀nà gba inú aṣálẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn, dé ìdí òkúta náà. Òun àti Kamran, ọmọ ilẹ̀ Afghanistan tí ń da ràkúnmí fún un, fi ẹsẹ̀ lásán gun àpáta mímú náà títí wọ́n fi dé ṣóńṣó rẹ̀. Nínú àwọn àjèjì, àwọn méjèèjì yìí ni àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ dárúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n Gosse kò wo ilé kankan tí ó fi pe òkúta náà ní Ayers Rock, ní ìrántí Henry Ayers tí ó wà nípò àṣẹ nínú ìjọba tí ó rán an níṣẹ́.

Ó pẹ́ kí èrò tó pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1958, ìjọba yọ Uluru kúrò nínú ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn onílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ní ọdún 1964, wọ́n ri ẹ̀wọ̀n irin mọ́ ara òkúta kí àwọn tí ń gòkè lè rí nǹkan dì mú. Síbẹ̀, láti àwọn ọdún 1950 wá, ó kéré tán, ènìyàn 37 ni ó kú nídìí gígun òkúta yìí: òmíràn ṣubú, ọkàn òmíràn sì dá iṣẹ́ sílẹ̀. Nínú àṣà Anangu, onílé ni ó ni ìtọ́jú àlejò lọ́rùn. Nítorí náà, ọ̀fọ̀ tiwọn ni ikú àlejò kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Ní ọdún 1983, Bob Hawke, olórí ìjọba Ọsirélíà, ṣèlérí láti dá ilẹ̀ náà padà, kí ó sì fi òpin sí gígun òkúta. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1985, ìwé ilẹ̀ tẹ àwọn Anangu lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti yá ìjọba ní ilẹ̀ náà padà fún ọdún 99, gígun òkúta kò sì dúró. Ẹ̀bẹ̀ ni ó kù tí àwọn onílé lè bẹ̀. Wọ́n gbé pátákó kalẹ̀ ní ìdí òkúta, wọ́n bẹ àlejò pé kí ó jọ̀wọ́ má ṣe gòkè.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ náà wọ àlejò létí. Nígbà tí àwọn tí ń gòkè kò tó 20 mọ́ nínú ọgọ́rùn-ún àlejò, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ọgbà náà, èyí tí àwọn Anangu pọ̀ jù nínú rẹ̀, pinnu ní ọdún 2017 pé ó tó gẹ́ẹ́. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni òfin náà múlẹ̀, ọjọ́ tí ó pé ọdún 34 géérégé tí ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Wọ́n sì hú ẹ̀wọ̀n irin náà kúrò.

Àlejò kò tìtorí èyí dáwọ́ wíwá dúró. Wọ́n ń rìn yí ìdí Uluru ká, àwọn Anangu sì ń fi ibi tí àwọn Mala pàgọ́ sí hàn wọ́n. Ohun tí Gosse kò dúró gbọ́ ní ọdún 1873 ni wọ́n ń gbọ́ lónìí láti ẹnu onílé.