Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló ń gbé ère oníyanrìn dúró?

Láti ọdún 2004 ni àwọn agbẹ́re ti ń pàdé ní etíkun Revere, lẹ́bàá ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi iyanrìn dárà. Ọ̀fẹ́ ni ìwòran. Kí ni kì í jẹ́ kí ère náà wó?

🔹 Iyanrìn: Èyí tí ìgbì òkun ti yí títí tó fi ń yọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ di ara wọn mú. Èyí tó ní igun, tí amọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ló dáa jù.

🔹 Omi: Òun ló ń so hóró iyanrìn pọ̀. Bó bá gbẹ, á ya; bó bá pọ̀ jù, á ṣàn.

🔹 Pákó: Wọ́n á fi pákó ṣe àpótí, wọ́n á rọ iyanrìn tútù sínú rẹ̀, wọ́n á sì gún un kó le, bí ẹni ń gún búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á tún to òmíràn lé e lórí.

🔹 Gbígbẹ́: Òkè ni wọ́n ti ń tú àpótí náà, tí wọ́n sì ń gbẹ́ iyanrìn náà wá sísàlẹ̀. Ọ̀bẹ àti ṣíbí ni wọ́n fi ń yọ ojú àti imú. Sítírò ni wọ́n fi ń fẹ́ èérún kúrò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fín omi tí wọ́n po gọ́ọ̀mù mọ́ sí i lára.

Ní Blokhus, lórílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì, wọ́n fi iyanrìn mọ ààfin kan tó ga ní mítà 21.16 lọ́dún 2021!

Bẹ́ ẹ bá lọ wo ère oníyanrìn, ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án o.

Ère ta ni ẹ̀yin ì bá fẹ́ kí wọ́n gbẹ́? 👇