Ìròyìn, Èrò àti Lẹ́tà: Bí A Ṣe Ń Kọ Wọ́n Nínú Ìwé Ìròyìn Yorùbá

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó gbà pé ẹni tí ó bá ti mọ Yorùbá kọ dáadáa ti di oníròyìn tán. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹni tí ó mọ ìtàn kọ lè má mọ ìròyìn kọ, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì. Láti ọdún 1859, nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta, ni a ti ń kọ ìròyìn ní èdè wa. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí oríṣiríṣi àkọsílẹ̀ inú ìwé ìròyìn ṣe yàtọ̀ sí ara wọn, àti ibi tí èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ń dẹ tàkúté fún ẹni tí ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìròyìn pọ́ńbélé. Apàlọ́ a máa fi adùn ìtàn rẹ̀ pamọ́ títí di ìparí. Oníròyìn kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá jó ọjà, kò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àkùkọ tí ó kọ ní ìdájí. Kí ó kọ ọ́ báyìí: “Iná jó ìsọ̀ mẹ́rìndínlógún ní ọjà ìlú yìí ní òru àná; kò sí ẹni tí ó kú.” Lẹ́yìn èyí ni yóò tó sọ ohun tí ó fà á, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i, àti ohun tí àwọn panápaná ṣe. Ìdí rẹ̀ kò ju pé bí àyè bá há, láti ìsàlẹ̀ ni olóòtú ti ń gé ọ̀rọ̀ kúrò.

Ìlànà yìí ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilẹ̀ òkèèrè níbi tí mo ti kàwé, kò sì burú. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ní lọ́kàn, wọn kò sì lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni nípa ọ̀rọ̀ kékeré wa yìí, “wọ́n”. Ó lè dúró fún ènìyàn púpọ̀. Ó lè dúró fún àgbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ó sì lè má dúró fún ẹnikẹ́ni tí a mọ̀. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Wọ́n ní wọ́n ti kó owó náà fún wọn.” Ta ni ó sọ ọ́? Ta ni ó kó owó? Ta ni ó gbà á? Ní ojú agbo, ẹni tí ń gbọ́ lè béèrè. Ẹni tí ń ka ìwé kò rí ẹni bi. Ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń di àhesọ. Àpọ́nlé dára, ṣùgbọ́n níbi tí “wọ́n” bá ti lè da ìtumọ̀ rú, orúkọ tàbí oyè ni kí a lò, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ìlà mẹ́rin.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ “ni”. “Ọlọ́pàá yìnbọn lù ú” ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. “Ọlọ́pàá ni ó yìnbọn lù ú” ti gbà pé ẹnì kan yìnbọn, ó sì ń na ìka sí ẹni tí ó ṣe é láàrin àwọn mìíràn. Ẹ̀sùn ni èyí. A fẹ́ràn “ni” púpọ̀ nítorí pé ó ń mú ọ̀rọ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n kí oníròyìn tó lò ó, kí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìròyìn ilé ẹjọ́ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Bí awakọ̀ kan bá sọ fún adájọ́ pé òun wà níbi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, tí a sì kọ ọ́ pé ó “jẹ́wọ́”, a ti dá a lẹ́bi kí adájọ́ tó dá a. “Sọ” tó. Ẹni tí a fi ẹ̀sùn olè kàn kì í ṣe olè títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ bẹ́ẹ̀. “Afurasí” wà nínú èdè wa, ẹ jẹ́ kí a máa lò ó. Ọmọ ọkùnrin náà lè wà ní ilé ìwé níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn yìí sókè.

Ọ̀rọ̀ olóòtú yàtọ̀. Èrò ni, kò sì gbọdọ̀ fi ara pamọ́ bí ìròyìn. Kí ó mú kókó kan ṣoṣo, kí ó sọ ohun tí alátakò lè wí ní ọ̀nà tí alátakò náà yóò fi gbà pé ọ̀rọ̀ òun nìyẹn, kí ó tó dá a lóhùn. Àwọn mìíràn a máa to òwe jọ bí ẹni to igi ìdáná. Lóòótọ́ òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òwe kì í ṣe ẹ̀rí.

Ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò gùn: kí ìbéèrè kúrú, kí a má sì tún ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ṣe kí ó lè bá tiwa mu.

Lẹ́tà sí olóòtú ni ó kù. Láti 1929 títí di 1930, Isaac B. Thomas tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, tí a fi orúkọ Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ kọ, obìnrin tí ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe aṣẹ́wó, tí àìsàn wá dè mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní Èkó. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ó di ìwé ní 1930, àwọn onímọ̀ kan sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn gbà á gbọ́ ni pé lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn dà bí ìbúra: orúkọ ẹnì kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí yóò bá kọ lẹ́tà lónìí, kí ó dárúkọ ìròyìn tí ó ń fèsì sí àti ọjọ́ tí ó jáde, kí ó mú ọ̀rọ̀ kan, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Bí ó bá fẹ́ lo orúkọ ìnagijẹ, kí olóòtú mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, bí kò tilẹ̀ ní tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ó bá sì jẹ́ ìtàn àròsọ ni, kí a kọ “ìtàn àròsọ” sí orí rẹ̀ gàdàgbà.